Ajá Kékeré Nínú Ilé: Ibi Tí A Lè Ṣọ́wó Ná, àti Ibi Tí A Kò Gbọdọ̀ Ṣahun

Ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu wa lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibà, kì í sì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀rọ̀ ajá ni. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bèèrè pé kí ni ajá ń wá lójú ewé ìlera, kí ó ní sùúrù. Kí a tó dé ìdajì ọ̀rọ̀ náà yóò rí i pé ìlera àwọn ọmọ rẹ̀ gan-an ni a ń wí.

Nǹkan wọ́n lọ́jà. Gbogbo ìyá ilé tí ó bá ti gbé agbọ̀n lọ sí Bódìjà tàbí Mushin láìpẹ́ yìí ni ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí owó oúnjẹ ènìyàn bá sì di ìṣòro, ajá ni a kọ́kọ́ máa ń fojú burúkú wò, pé kí ni eléyìí ń ṣe nínú ilé tí ó fi ń jẹun. Ẹlòmíràn a tú u sílẹ̀ kí ó lọ máa wá oúnjẹ rẹ̀ lórí àkìtàn. Ẹlòmíràn a ṣì máa bọ́ ọ, ṣùgbọ́n a dá abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró, a ní kò kúkú ṣàìsàn. Àwa kò fara mọ́ ọ̀nà méjèèjì yìí. Ajá kékeré kì í ṣe ẹrù wúwo fún ilé tí ó bá mọ ètò í ṣe. Owó púpọ̀ ni à ń ná lé e lórí tí kò yẹ kí a ná. Owó díẹ̀ sì wà tí a kì í fẹ́ ná, tí ó jẹ́ pé òun gan-an ni a kò gbọdọ̀ dá dúró.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ajá kò tíì wọlé, nítorí ibẹ̀ ni owó àkọ́kọ́ ti ń jò. Ní àwọn ìlú ńlá wa, ajá kékeré tí àwọn ènìyàn ń sáré rà ni èyí tí wọ́n ń pè ní Lhasa Apso, tí irun rẹ̀ gùn títí dé ilẹ̀. Ajá tí ó lẹ́wà ni, a kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Tibet, lórí àwọn òkè gíga tí òtútù ti mú gan-an, ni ìran rẹ̀ ti wá. Aṣọ òtútù ni irun náà jẹ́ fún un. Nígbà tí a bá mú un dé Èkó tàbí Ìbàdàn, tí oòrùn oṣù Máàṣì bá sì ràn, aṣọ òtútù ni ó wọ̀ sí àárín oòrùn. A ó máa ya irun rẹ̀ lójoojúmọ́ kí ó má baà dì, tàbí kí a máa sanwó fún ẹni tí yóò gé e. Eégbọn a sì rí ibi sá pamọ́ sí nínú rẹ̀ dáadáa. Ajá ilẹ̀ wa, tí irun rẹ̀ kúrú, tí ara rẹ̀ ti mọ ooru láti ìran bàbá rẹ̀, kò bèèrè ọ̀kankan nínú wàhálà wọ̀nyí. Kì í sì í tóbi púpọ̀. Aládùúgbò tí ajá rẹ̀ bímọ lè fún wa ní ọ̀kan ní owó tí kò tó nǹkan, tàbí kí ó fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ pàápàá. Ó ṣe ni láàánú pé a máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ohun tiwa, a sì ń yáwó ra ti ẹlòmíràn.

Bí ó bá di dandan pé kí a ra ajá, ẹ má ṣe rà á lọ́wọ́ ẹni tí ó ń gbé ọmọ ajá kiri lójú ọ̀nà, tí a kò rí ìyá rẹ̀, tí a kò sì mọ ilé tí ó ti wá. Ọmọ ajá kò gbọdọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ 8. Ẹ wo ojú rẹ̀ bóyá ó mọ́ tàbí ó ń ṣepin. Ẹ wo ikùn rẹ̀, nítorí ọmọ ajá tí ó rù ní ìhà tí ikùn rẹ̀ sì wú bí ìlù, aràn ni ó kún inú rẹ̀. Ẹ gbé ìrù rẹ̀ sókè kí ẹ wò ó bóyá ó ń ṣu omi. Ẹni tí ó bá ní ajá náà ti gba abẹ́rẹ́, kí ó mú káàdì rẹ̀ wá kí a fojú rí i, kí orúkọ àti òǹtẹ̀ dókítà ẹranko sì wà níbẹ̀. Ọmọ ajá aláìsàn tí a rà ní ẹ̀dínwó máa ń gba ìlọ́po owó náà lọ́wọ́ ẹni kí oṣù tó parí, ó sì tún lè kú.

Ó kan ọ̀rọ̀ oúnjẹ, níbi tí ìyá ilé tí ó mọ ìṣirò ti lè rí owó tọ́jú jùlọ. Bí ajá kan bá wọn kílò 5, tí èkejì sì wọn kílò 30, ẹ má rò pé èyí ńlá yóò jẹ oúnjẹ ìlọ́po mẹ́fà. Bí ìlọ́po mẹ́rin ni. Èyí já sí pé bí a bá fi wé ìwọ̀n ara, ajá kékeré ni ó ń jẹun jù. Ṣùgbọ́n àpò ẹni kì í wo ìwọ̀n ara ajá, ohun tí ó wọ inú ìkòkò ni ó ń wò. Oògùn aràn àti ti eégbọn pẹ̀lú, ìwọ̀n ara ni a fi ń lo púpọ̀ nínú wọn. Nítorí náà ẹni tí ó ní ajá kékeré ti jèrè kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Oúnjẹ ajá inú àpò àti inú agolo tí ó ń ti òkè òkun wá kò burú, ẹni tí ó bá lówó rẹ̀ kí ó rà á. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ni ajá lè jẹ kí ó yè. Ajá lè jẹ ìrẹsì, ẹ̀kọ, iṣu àti ọ̀dùnkún sísè, bí ẹran, ẹja tàbí ẹyin bá wà níbẹ̀ tí ó tó bí ìdá kan nínú mẹ́ta, ó kéré tán. Ibi tí ọ̀pọ̀ ilé ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n a ro ẹ̀bà lásán, wọ́n a da omi ọbẹ̀ lé e, wọ́n a ní ajá ti jẹun. Ẹ̀bà lásán a kún inú, kì í kọ́ ara. Ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń pa adìyẹ lọ́jà, ẹ ó rí orí àti ẹsẹ̀ adìyẹ rà ní owó tí ó kéré ju ti ẹran lọ. Ẹ sè é títí ẹran yóò fi máa já kúrò lára eegun, ẹ ṣa gbogbo eegun náà dànù, ẹ da ẹran àti omi rẹ̀ sí ìrẹsì. Ẹja ṣáwá náà dára, bí a bá yọ egungun rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ dára pẹ̀lú, ṣùgbọ́n díẹ̀ díẹ̀ ni. Ọmọ ajá tí ó ń dàgbà nílò oúnjẹ tí ó ń kọ́ egungun ju àgbà lọ, nítorí náà kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ dókítà ẹranko ohun tí ẹ ó fi kún tirẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ bá gbé e lọ gba abẹ́rẹ́. Kò sí owó mìíràn tí ẹ ó san fún ìbéèrè.

A wí pé kí ẹ ṣa eegun dànù. A mọ̀ pé àwọn àgbà yóò ní láti ayé bàbá àwọn ni ajá ti ń jẹ eegun. Òótọ́ ni, ajá kan náà ni ó sì ti ń kú tí a kò mọ ohun tí ó pa á. Eegun adìyẹ tí a ti sè máa ń ṣẹ́ ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́. Ó lè há ajá kékeré lọ́fun, ó sì lè gún ìfun rẹ̀ lu. Iṣẹ́ abẹ tí a ó fi yọ ọ́ kò ní ẹ̀dínwó.

Ohun kan tí kò ná ni ní kọ́bọ̀ nìyí: kí ìyá ilé tó da ata, iyọ̀ àti àlùbọ́sà sí ìkòkò, kí ó bu ti ajá sọ́tọ̀. Àlùbọ́sà àti ááyù ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, ìbáà ṣe tútù tàbí sísè, bẹ́ẹ̀ ni ajá tí ó kéré kò nílò púpọ̀ kí ó tó ṣe é ní ìjàǹbá. Ṣokoléètì, èso àjàrà gbígbẹ tàbí tútù, àti ṣingọ́ọ̀mù tí kò ní ṣúgà, gbogbo wọn ni ó lè pa ajá. Kí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ọkọ tí ó máa ń bu bíà fún ajá níbi àríyá, tí wọn a sì máa rẹ́rìn-ín bí ó ti ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, mọ̀ pé májèlé ni wọ́n ń bu fún un. Wàrà màlúù kì í pa ajá, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣí ọ̀pọ̀ wọn nínú. Ẹ fi mílíìkì náà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ.

Èyí tí ó tún wà ni pé a ń bọ́ ajá kékeré jù. Bàbá fún un ní ẹran, ìyá fún un, ọmọ mẹ́ta sì fún un ní búrẹ́dì lábẹ́ tábìlì, kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ẹnìkejì fún un. Láàárín ọdún kan ajá a sanra, a máa mí hẹlẹhẹlẹ, orúnkún a sì máa dùn ún. Kí ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé máa bọ́ ajá, kí ó ní agolo kan tí ó fi ń wọn oúnjẹ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ajá tí ó ti dàgbà, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin fún ọmọ ajá. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìwọ̀n rẹ̀, ẹ gbé e mọ́ra kí ẹ gun òṣùwọ̀n, lẹ́yìn náà kí ẹ̀yin nìkan gùn ún, kí ẹ yọ èyí kúrò nínú èyí. Omi mímọ́ nìkan ni kí ó máa wà níwájú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Ti ilé, ibùsùn àti ohun ọ̀ṣọ́ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ògbólógbòó ìró tí a fọ̀ mọ́ tó ajá sùn. Aṣọ tí wọ́n ń rán fún ajá, a kò mọ ohun tí ajá fẹ́ fi ṣe nínú ooru yìí. Ìwẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta tó o, pẹ̀lú ọṣẹ tí kò le. Ẹ má ṣe fi ọṣẹ ìfọṣọ bó o lára. Ẹyín ajá kékeré máa ń tètè bàjẹ́, nítorí náà kí ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré àti omi fọ̀ ọ́ fún un láti kékeré, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe lo ọṣẹ ìfọyín ènìyàn, nítorí gbígbé ni ajá ń gbé e mì.

Nísinsìnyí a dé ibi tí ó mú kí a kọ ọ̀rọ̀ yìí rárá.

Àrùn dìgbòlugi kò gbóògùn mọ́ nígbà tí ó bá ti yọjú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, tí omi ń bà á lẹ́rù, tí ọ̀fun rẹ̀ ń sé, tí kò lè gbé itọ́ mì, ikú ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń já sí ní gbogbo ìgbà. Ẹni tí ó là á já ní gbogbo àgbáyé kò pọ̀ rárá. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú díwọ̀n rẹ̀ pé bí 59,000 ènìyàn ni àrùn yìí ń pa lọ́dọọdún, ilẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà ni ó sì ti ń pa èyí tí ó pọ̀ jù. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó mú, ó tó 99 tí ó jẹ́ pé ajá ni ó kó o ràn wọ́n. Nínú ẹni mẹ́wàá tí irú ẹranko bẹ́ẹ̀ bù jẹ, bí mẹ́rin ni kò tíì pé ọmọ ọdún 15. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ọmọdé ni ó ń bá ajá ṣeré, ọmọdé ni ó ń fa ìrù rẹ̀, ọmọdé ni ojú rẹ̀ sún mọ́ ẹnu ajá.

Ẹlòmíràn yóò ní ajá òun kéré, kò lè ya dìgbòlugi. Ajá tí a lè gbé sínú agbọ̀n àti ajá tí ó ń ṣọ́ ilé ìfowópamọ́, ọ̀kan náà ni wọ́n níwájú àrùn yìí. Ọmọ ajá oṣù mẹ́ta pàápàá lè ní i. Ẹlòmíràn yóò ní ajá òun kì í jáde. Géètì a máa ṣí, ajá ẹlòmíràn a sì máa fo ọgbà. Ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀ yóò ní ajá náà kò bu ọmọ jẹ, ó kàn lá a ni. Bí egbò bá wà níbi tí ó lá, tàbí bí itọ́ rẹ̀ bá kan ojú tàbí ẹnu ọmọ, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ṣeré.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò owó rẹ̀ bí ọlọ́jà. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kan ni ajá ń gbà nígbà tí ó bá pé oṣù mẹ́ta, a tún un fún un lẹ́yìn ọdún kan, lẹ́yìn náà a ó máa tún un ṣe ní àkókò tí dókítà bá kọ sínú káàdì. Lọ́dọọdún ni púpọ̀ nínú wọn ń kọ. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo. Bí ajá tí kò gba abẹ́rẹ́ bá bu ọmọ kan jẹ, ọmọ náà yóò gba abẹ́rẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin, tàbí márùn-ún, gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí dókítà bá yàn, ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ojú egbò náà bá sì jinlẹ̀, a ó tún fi omi ara tí ń gbógun ti àrùn sí ojú egbò náà, èyí tí ó wọ́n jù nínú gbogbo rẹ̀, tí a kì í sì í rí ní gbogbo ilé ìwòsàn. Bí ó bá bu ọmọ méjì jẹ, ẹ fi méjì pọ̀ ọ́n. Ẹ fi owó ọkọ̀ kún un, ẹ fi ọjọ́ tí ìyá kò lè lọ sọ́jà kún un. Níbo ni ìṣọ́wóná wà nínú èyí?

Láti ọdún 1885, nígbà tí Louis Pasteur ní ilẹ̀ Faransé kọ́kọ́ fún ọmọdékùnrin kan tí ajá dìgbòlugi bù jẹ ní abẹ́rẹ́, tí ọmọ náà sì yè, ni ayé ti mọ ohun tí a lè fi dá àrùn yìí dúró. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ilé iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹranko ti ìjọba àpapọ̀, tí a dá sílẹ̀ ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ní ọdún 1924, wà lára àwọn tí ń ṣe abẹ́rẹ́ náà fún ajá. Ọjọ́ 28 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdọọdún ni a yà sọ́tọ̀ fún ìgbógun ti àrùn dìgbòlugi ní gbogbo àgbáyé, àwọn dókítà ẹranko ní ọ̀pọ̀ ìlú a sì máa fún ajá ní abẹ́rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní ẹ̀dínwó ní sáà náà. Ẹ tẹ́tí sí rédíò bí ọjọ́ náà bá ń sún mọ́lé. Ilé ìwòsàn ẹranko ti ìjọba, àti èyí tí ó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní yunifásítì ètò ọ̀gbìn ní Abẹ́òkúta, jẹ́ ibi tí a lè gbé ajá lọ láìṣẹ̀ṣẹ̀ pe dókítà wá sílé.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìṣọ́wóná ra abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ lọ́jà kí ó sì gún ajá nínú ilé. Inú òtútù fíríìjì ni abẹ́rẹ́ àjẹsára gbọ́dọ̀ máa wà, láti ibi tí wọ́n ti ṣe é títí di ojú abẹ́rẹ́. Bí iná bá lọ fún ọjọ́ méjì ní ṣọ́ọ̀bù ẹni tí ó ń tà á, omi lásán ni ẹ gún ajá yín, ọkàn yín yóò sì balẹ̀ lórí ohun tí kò sí.

Bí ajá bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ìbáà ṣe ajá ilé tàbí ti ìgboro, ẹ gbé ojú egbò náà sábẹ́ omi lójú ẹsẹ̀, kí ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko. Ìṣẹ́jú 15 gùn ju bí ẹ ti rò lọ. Ẹ wo aago. Ẹ má ṣe fi epo pupa, ata, tàbí irun ajá náà sí i. Lẹ́yìn èyí kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má ṣe pa ajá náà bí a bá lè so ó mọ́lẹ̀ láìséwu. Kí dókítà ẹranko máa wò ó fún ọjọ́ 10. Ajá tí ó bá yè ní ara líle lẹ́yìn ọjọ́ 10, àrùn náà kò sí nínú itọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó buni jẹ, dókítà sì lè dá abẹ́rẹ́ tí ó kù dúró. Ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ torí pé à ń wo ajá kí ẹ má tíì gbé ọmọ lọ. Àrùn náà lè sùn sínú ara fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó jí, nígbà mìíràn ó lè ju ọdún kan lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí gbogbo òbí sọ lálẹ́ òní. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ajá ń bù jẹ tí kì í sọ, nítorí pé a ti kìlọ̀ fún un kí ó má ṣe yọ ajá lẹ́nu, ó sì mọ̀ pé pàṣán ni yóò kọ́kọ́ dá òun lóhùn. A fi aṣọ bò ó, egbò a jinná, oṣù méjì a kọjá. Ẹ pe àwọn ọmọ yín jókòó, ẹ sọ fún wọn pé bí ajá bá bù wọ́n jẹ tàbí tí ó fi èékánná ha wọ́n, a kò ní nà wọ́n, kí wọ́n ṣáà ti sọ.

Kì í ṣe dìgbòlugi nìkan ni ajá ń gba abẹ́rẹ́ sí. Àrùn parvo, tí a kọ́kọ́ rí kárí ayé ní ọdún 1978, ni ó ń pa ọmọ ajá jùlọ nínú àwọn ìlú wa. Ọmọ ajá a máa bì, a máa ṣu ẹ̀jẹ̀ olóòórùn, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó lè kú. Láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ rẹ̀, a ó máa tún un fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, títí ajá yóò fi tó ọ̀sẹ̀ 16. Bí ajá bá kú ikú yìí nínú ilé yín, ẹ má tètè ra òmíràn: àrùn náà lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bílíìṣì ife kan sínú omi ife 30 ni a fi ń fọ ilẹ̀ náà, lẹ́yìn tí a bá ti kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ẹ̀gbin kúrò.

Aràn tún ń kan ọmọdé. Láti inú ìyá ni ọmọ ajá ti ń gbé aràn wá sáyé, nítorí náà láti ọ̀sẹ̀ kejì ni a ti ń fún un lóògùn, ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì títí yóò fi pé oṣù méjì, lẹ́yìn náà ní oṣooṣù títí di oṣù 6, lẹ́yìn èyí ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹyin aràn a máa bá ìgbẹ́ ajá wọ inú iyẹ̀pẹ̀. Ọmọ tí ó bá fi iyẹ̀pẹ̀ náà ṣeré tí kò fọwọ́ kí ó tó jẹun lè gbé e mì, ó sì lè lọ bá a lójú kí ó ba ìríran rẹ̀ jẹ́. Irú aràn mìíràn a máa gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé. Ẹ máa kó ìgbẹ́ ajá lójoojúmọ́, kí àwọn ọmọ máa wọ bàtà, kí wọ́n sì máa fi ọṣẹ fọwọ́.

Ti eégbọn ni ìtànjẹ pọ̀ jù sí. Eégbọn ajá kì í gbé ara ajá nìkan. Inú pàlàpálá ògiri ni ó ń yé sí, abo kan a sì yé ẹyin lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Bí a bá tọ́jú ajá tí a kò tọ́jú ilé, owó náà ti wọgbó. Ẹ di ihò ògiri, ẹ fi omi gbígbóná fọ ibùsùn rẹ̀, ẹ máa fọwọ́ wá inú etí rẹ̀ àti àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Eégbọn ń gbin àrùn tí ń jẹ ẹ̀jẹ̀ sí ajá lára: ara rẹ̀ a gbóná, kò ní jẹun, èrìgì rẹ̀ a funfun, ìtọ̀ rẹ̀ lè di pupa rúsúrúsú. Bí a bá tètè gbé e lọ, abẹ́rẹ́ díẹ̀ lè tó o. Bí a bá dúró, omi àti ẹ̀jẹ̀ ni wọn yóò fà sí i lára.

Nítorí pé oògùn eégbọn gidi ń ná ni lówó díẹ̀, àwọn kan a máa fi epo ọkọ̀ dúdú tí mẹkáníìkì ti dànù pa ajá lára, tàbí karosíìnì, tàbí oògùn tí a fi ń pa aáyán. Ajá a lá a. Awọ ara rẹ̀ a sì fà á wọlé. Oògùn apakòkòrò olómi tí a ń pè ní DDVP, tí NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ ní ọdún 2019, májèlé ni fún ajá àti fún ọmọ tí ó gbá ajá náà mọ́ra. Bákan náà ni paracetamol àti ibuprofen tí ó wà nínú dúrọ́ọ̀ yín: oògùn ènìyàn ni, ó lè pa ajá kékeré.

Owó gbogbo nǹkan wọ̀nyí kì í wọni lọ́rùn bí a bá ń fi í pamọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ ra kóló kan fún ajá, kí ẹ máa ju ṣénjì ọjà sínú rẹ̀, tàbí kí ẹ fi ti ajá kún ohun tí alájọ ń gbà lọ́wọ́ yín. Ohun tí ó tún dára ju ìyẹn lọ ni kí ilé mẹ́fà tàbí mẹ́wàá ládùúgbò kan pawọ́ pọ̀, kí wọ́n pe dókítà ẹranko lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Owó ọkọ̀ rẹ̀ yóò pín, ìgò abẹ́rẹ́ tí ó gba ajá mẹ́wàá kò sì ní ṣòfò lórí ajá kan. Ajá aládùúgbò tí ó bá gba abẹ́rẹ́ ń dáàbò bo ọmọ tiyín.

Ẹni tí ó ní abo ajá kékeré kí ó tètè pinnu bóyá òun fẹ́ ọmọ. Nǹkan bí ọjọ́ 63 ni oyún ajá, bí akọ ńlá ìgboro bá sì gun abo kékeré, ọmọ lè tóbi ju ọ̀nà lọ, kí ó di iṣẹ́ abẹ. Iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kí ó lóyún mọ́, tí a ṣe nígbà tí ara rẹ̀ le, ń náni ní ìwọ̀n owó tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí tí a sáré ṣe lóru nítorí ọmọ tí ó há, kò sí ẹni tí ó mọ iye rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí ẹ ó bá gbé e lọ gba abẹ́rẹ́, ẹ lọ ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú, kí ẹ gbé e sínú agbọ̀n tàbí kí ẹ so okùn mọ́ ọn lọ́rùn, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó fimú kan ajá mìíràn níbi tí ẹ ti ń dúró. Ẹ mú káàdì rẹ̀ dání. Bí ó bá ti sọnù, kí dókítà kọ òmíràn fún yín, kí ẹ sì fi í sínú àpótí tí ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ wà, nítorí ìwé àkọ́kọ́ tí dókítà yóò bèèrè nìyẹn bí ajá náà bá bu ẹnikẹ́ni jẹ.